Párísì Ló Sún Mọ́ Wa Ju Èkó Lọ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ti ẹ̀gbẹ́ ọjà Ganhi ní Kùtọnú níbí, ló sọ lánàá pé ọmọ òun tó wà ní Párísì sún mọ́ òun ju àbúrò òun tó wà l'Ékòó lọ. Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó jẹ obìnrin lówó búrẹ́dì láti ìgbà ọdún Iléyá, òun ló tún ń fi í rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú mi, mo yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Ganhi. Mo ní, "Ọmọ mi, báwo ni Párísì ṣe jìnnà tó?" Ó ní láti Cadjèhoun, ìyẹn pápákọ̀ òfurufú wa tí wọ́n fi orúkọ Kádínà Bernardin Gantin sọ, dé Charles de Gaulle ti Párísì, bíi 4,750 kìlómítà ni, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Ó wá fi máàpù hàn mí. Àṣé òkè wa gan-an ni Párísì wà, gbọnrangandan bí òpó! Ẹ ta okùn láti Kùtọnú, ẹ máa fà á lọ sí àríwá, á gba ẹ̀gbẹ́ Niamey, á la Alijéríà kọjá, á sọdá òkun, ó di Párísì.

Okùn yẹn ló já lọ́dún 2023. Ní 6 Oṣù Kẹjọ, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger ti ojú òfurufú ilẹ̀ wọn pa. Ni bàálù bá ń gba ẹ̀yìn kọ́rọ́, bí Bàbá Télọ̀ ṣe ń yẹra fún ìsọ̀ búrẹ́dì. Ó di 4 Oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n tún ti í mọ́ bàálù ilẹ̀ Faransé.

Èkó ńkọ́? Lójú òfurufú, bíi 110 kìlómítà péré ni. Bàálù ò ní tíì gòkè tán tí yóò fi máa sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ bàálù lọ Èkó nínú wa? Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ là ń gbà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ìjelòó, aago mẹ́fà ìdájí ni àbúrò Ìyá Oníbúrẹ́dì kúrò nílé l'Ékòó. Wọ́n dá a dúró níbí, "Ẹ sọ̀kalẹ̀!" Wọ́n dá a dúró lọ́hùn-ún, "Kí ló wà nínú báàgì?" Ìgbà tó fi wọ agboolé, a ti fọ ìkòkò tán.

Tó bá jẹ́ ti aago ni, Lómè ní Tógò tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Aago wọn fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa: ẹ wọ bàálù níbí ní aago mẹ́wàá, ẹ dé ọ̀hún, aago mẹ́wàá ò tíì lù!

Ẹjọ́ tí mo dá nìyí: tí a bá fi kìlómítà wọ̀n ọ́n, irọ́ ni Ìyá Oníbúrẹ́dì pa, tí a bá fi aago wọ̀n ọ́n, òótọ́ ló sọ. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Télọ̀ kó lọ san gbèsè rẹ̀.