Onímọ́tò, Kílọ́ọ̀ṣì Yín Ń Pè Yín

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń yan jíà fúnra rẹ̀, ẹ máa wò wá níran lónìí. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ òsì yín ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ ni mo ń bá wí.

Lọ́dún 1993, Nissan Micra gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù, òun sì ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà. Àwọn tó fi í joyè ò mọ Ìbàdàn. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí olóyè á gbé èrò 2 síwájú, 4 sẹ́yìn, àpò gàrí sínú búùtù, táá máa pọ́n òkè Mápó nínú oòrùn, tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn á tún máa béèrè pé ṣé ìrìn nìyẹn.

Orí òkè yẹn ni kílọ́ọ̀ṣì ti máa ń sọ tẹnu rẹ̀. Dírẹ́bà á tẹná, ẹ́ńjìnnì á han, ọkọ̀ ò ní sún. Ariwo ti dé Òjé, ọkọ̀ ṣì wà ní Bẹẹrẹ! Dísìkì tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ fláwíìlì ti jẹ, ó ń yọ̀. Kò pẹ́, òórùn á dé. Dírẹ́bà á ní, "Àwọn ará àdúgbò yìí ló ń sun ìdọ̀tí." Ẹ kúrò ní àdúgbò yẹn, òórùn ń bá yín bọ̀. Ìdọ̀tí wo ló máa ń wọkọ̀ láìsanwó? Nígbà tó bá dé àdúgbò kejì, dírẹ́bà á dákẹ́, ìyá kan á sì gbé àdúrà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó má dúró de òkè. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sẹ́ni níwájú yín, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà 3, kí ẹ rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ yọ̀: ikú yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni. Bó bá ń ké lọ láìkú, ẹ lọ wá owó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ dán an wò o, torí ìdánwò náà ń jẹ dísìkì.

Jíà tó ń ṣòro wọlé ò tíì di ẹ̀bi dísìkì. Okùn kílọ́ọ̀ṣì lè ti fà, tàbí kí omi bíréèkì máa jò nínú ọkọ̀ tó ń lò ó. Bí nǹkan bá ń ké nígbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, bẹ́ríǹgì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń fi ọgbọ́n pa ara wọn. Ẹnì kan á ní ọkọ̀ òun ti darúgbó, á gba Àrárọ̀mí ní Gate lọ ra dísìkì tòkúnbọ̀ tí kò mọ iye ọdún tí òyìnbó fi tẹ̀ ẹ́. Pléètì àtijọ́ ń kọ́? "Ó ṣì dáa." Bẹ́ríǹgì ń kọ́? "Ọlọ́run á ṣe é." Ẹ jọ̀ọ́, kí ọwọ́ tó lè kan dísìkì, jíàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ tó sì ń gba owó nìyẹn. Bẹ́ríǹgì tí ẹ ṣahun sí á tún sọ jíàbọ́ọ̀sì kan náà kalẹ̀, mẹkáníìkì á sì gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, tẹ̀ríntẹ̀rín. Dísìkì, pléètì àti bẹ́ríǹgì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ pàrọ̀ pọ̀. Ẹ wo síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, torí bí ọ́ìlì bá ta sí dísìkì tuntun, yíyọ̀ náà ni. Ẹni tó ní òun á lo dísìkì tó ti jẹ títí ríbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á fi yọrí, fláwíìlì ni ríbẹ́ẹ̀tì yẹn á máa ha, owó fláwíìlì á sì wọ̀ ọ́.

Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń tú èéfín, tí ẹ ń rí títì láti ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ má ra kílọ́ọ̀ṣì kankan. Ẹ tà á. Ẹ má tà á fún àna yín.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè Mọ́kọ́lá, kí ni bíréèkì fi ṣẹ̀ yín?

Dírẹ́bà tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn láàárọ̀ yìí, kó yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó tó gbé èrò mìíràn. Èrò tó sanwó dé Mápó, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ pé kó fẹsẹ̀ parí rẹ̀.