Ta Ló Ní Kí Pápákọ̀ Òfurufú Máa Rìn?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, pààtì mọ́tò ni mò ń tà ní Gẹ́ètì n'Íbàdàn, mi ò jẹ ìjọba Amẹ́ríkà lówó, wọn ò sì pè mí síṣẹ́ ológun. Síbẹ̀, lálaalẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tán, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí á máa jágbe mọ́ mi láti inú eré kọ̀ǹpútà pé mi ò mọ bàálù wà.

Bàálù náà ni F/A-18C Hornet, bàálù ogun ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Kí n gbé e gbéra kò le. Ẹ̀rọ tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi ló máa ń ta á sókè, tèmi ni kí n ṣáà jókòó. Kí n yìnbọn, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo bá ní kí n padà sílé ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé ti kúrò níbi tí mo fi í sí.

Bàálù tó bá ń bọ̀ ní Ìkẹjà, ilẹ̀ Ìkẹjà á dúró dè é. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé bàálù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Theodore Roosevelt, tí wọ́n fi sínú eré náà, gùn tó mítà 333, ẹ ó sì rò pé àyè wà. Irọ́ ni. Okùn irin mẹ́rin ni wọ́n tẹ́ dábùú ibi tí à ń balẹ̀ sí, ìkọ́ tó wà nídìí bàálù sì gbọ́dọ̀ há mọ́ ọ̀kan. Ìkẹta ni wọ́n fẹ́. Há mọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní o fẹ́ pa ara rẹ. Fo gbogbo ẹ̀, wọ́n á pariwo "Bolter! Bolter!" kí gbogbo ayé lè gbọ́.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni pé ibi tí à ń balẹ̀ sí kò dojú kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ó yà sápá òsì ní bíi digírì mẹ́sàn-án. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibẹ̀ ń yọ́ lọ sápá ọ̀tún mọ́ mi lójú. Mo bá a lọ, ó tún yọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí 1951, kí ẹni tí ìkọ́ rẹ̀ kò há lè fò kọjá láì kọlu àwọn bàálù tí wọ́n gbé síwájú. Wọ́n ní ó dín ewu kù. Ewu tiwọn ni, kì í ṣe tèmi.

Ìyá mi wá kí wa, wọ́n dúró lẹ́yìn mi wòran títí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi yẹn ò rí ọ ni? Kí ló dé tí kò dúró?" Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n ń fi eré sísá wá atẹ́gùn ni, kí bàálù lè rọra balẹ̀." Wọ́n ní, "Ìwọ náà sọ fún un pé o ò fẹ́ atẹ́gùn." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà gbà.

Bàálù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá lọ́pọlọ á ní bí mo bá ti wà nísàlẹ̀ jù, kí n gbé imú sókè. Ó ti o! Bí o bá gbé imú sókè, eré á kú, bàálù á sì rì sí i. Throttle ni à ń fi gòkè, joystick ni à ń fi pa eré mọ́. Àfi bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí awakọ̀ dáńfó máa fi bíréèkì yí kọ́nà, kó sì fi steering dúró. Gbàrà tí táyà bá sì kan irin, kí o tó mọ̀ bóyá ìkọ́ há, o gbọ́dọ̀ ti throttle dópin, bí ẹni tó tún ń lọ. Ọkọ̀ tó fẹ́ dúró ni o ń tẹná mọ́!

Ní òsì ibi tí à ń balẹ̀ sí ni iná tó ń júwe ọ̀nà wà. Àwọn iná aláwọ̀ ewé tò lọ gbọọrọ, iná yẹ́lò kan tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀lù wà láàárín. Kí bọ́ọ̀lù ṣáà bá àwọn iná ewé dọ́gba ni. Ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 18 péré ni wọ́n fún ọ. Bọ́ọ̀lù wà láàárín, mo mí. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Mo ti throttle, ó fò sókè. Mo fà á sẹ́yìn. "Power," ni ọmọ Amẹ́ríkà yẹn wí, ọ̀gá tó ń darí ìbalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní LSO. Mo fún un ní power. "Power! Power!" Ọ̀gá, mo ti fún un! Bọ́ọ̀lù di pupa. "Wave off! Wave off!" Ìyẹn ni pé kí n má balẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fún mi ní máàkì, tí wọ́n á sì kọ ẹ̀sùn mi ní ìkékúrú. Wọ́n kọ NEP sí mi níwájú, èyíinì ni pé iná mi kò tó. Ó ku A kan ṣoṣo kó pé. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún!

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó mọ̀ ọ́n á ní kí n ní sùúrù, pé Eugene Ely gbé bàálù balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi ní 1911. Mo mọ ìtàn yẹn. Àpò iyanrìn ni wọ́n so mọ́ okùn fún un lórí USS Pennsylvania ní San Francisco, ó sì wé tíùbù kẹ̀kẹ́ mọ́ra torí omi. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé Pennsylvania ti ju ìdákọ̀ró. Ó dúró sójú kan! Èmi náà ì bá bà lé e.

Nígbà ogun Vietnam, wọ́n wọn bí ọkàn àwọn tó ń wa bàálù orí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń lù, wọ́n sì rí i pé nígbà tí wọ́n ń padà wá balẹ̀, ó lù ju ti ìgbà tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù lọ. Ẹ fi ìyẹn han ìyàwó mi, tó ní eré ọmọdé lásán ni mò ń làágùn lé lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìrẹ́jẹ rèé. Ní 2015, wọ́n gbé Super Hornet lọ sórí ọkọ̀ ojú omi George H.W. Bush láti dán ètò tuntun kan wò, Magic Carpet. Kọ̀ǹpútà inú bàálù ló ń bá awakọ̀ ṣe gbogbo ìtinà àti ìfàsẹ́yìn yẹn, awakọ̀ kàn ń tọ́ imú rẹ̀ sọ́nà. Inú àwọn awakọ̀ dùn, wọ́n sì gbà á. Àwọn tí ìjọba ń sanwó oṣù fún ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Èmi tí mo fi owó ara mi ra joystick àti throttle, tí owó wọn ju ti gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ lọ, ni mo ṣì ń jẹ ẹ́ ní ìlànà àtijọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe eré yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi Magic Carpet sínú Hornet mi. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà fún mi ní bọ́tìnnì kan tí mo lè fi dá LSO yẹn lóhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ lẹ́nu mi.