Ìyá Ìyàwó Mi Ti Balẹ̀, Mo Ní Kò Tíì Balẹ̀

Àìsí iná ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2023, nígbà tí load-shedding gbóná jù ní South Africa, iná ń lọ ó ń bọ̀ ní Kempton Park níbi tí à ń gbé. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, òkùnkùn kì í bà mí lẹ́rù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ará ibí máa ń kéde aago tí wọ́n máa mú iná lọ, wọ́n á sì mú un lọ ní aago náà gan-an.

Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí tí iná lọ, tí ibi gbogbo dákẹ́, mo gbọ́ ohùn rédíò láti ẹ̀yìn ògiri. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń gbé ibẹ̀, Afrikaner tó ti fẹ̀yìn tì, Oom ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Rédíò náà ń pariwo Springbok, ó ń to nọ́ńbà lé e, ó tún ń pariwo Springbok. Àsìkò Ife Àgbáyé rugby la sì wà, Springbok sì ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ South Africa. Mo na ọrùn lórí ògiri.

"Oom, ẹ kú alẹ́, sà. Ṣé àwa là ń nà wọ́n àbí àwọn ló ń nà wá?"

Ó wò mí títí. "Boet, bàlúù ni."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Springbok ni bàlúù South African Airways ń jẹ́ lórí rédíò, pé Speedbird ni ti British Airways, àti pé ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń bá àwọn tó ń darí wọn sọ kì í ṣe awo. Òkè ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ FM parí sí ni wọ́n ti ń sọ ọ́, láti 118 dé 137 megahertz. Oom ní ọmọ òun máa ń fi bọ́ọ̀lù dá ara rẹ̀ lára yá, òun ń fi èyí ṣe tòun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti pinnu láti ra tèmi.

Mo rí alòkù kan rà láàárín ìgboro Johannesburg, mo gbé e délé, mo tàn án. Ohùn ń jáde lóòótọ́, àmọ́ ó ń hó kùù bí ẹni fi aṣọ dí ẹnu, n kò mú gbólóhùn kan. Mo gbà pé Afrikaans ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó tì í, tí mo ń mi orí, títí mo fi gbé e lọ bá Oom pé kó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn tẹ bọ́tìnnì kan. FM ni mo gbé e sí, AM sì ni àwọn bàlúù ń lò. Ó ní ìdí wà níbẹ̀: tí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ papọ̀ lórí AM, ariwo burúkú á jáde, gbogbo ayé á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti forí gbárí, àmọ́ lórí FM, ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ni a ó gbọ́, a kò ní í mọ̀ pé ẹlòmíì tilẹ̀ lanu. (Ìpàdé ẹbí tiwa, FM ni.)

Láìpẹ́ mo di ọ̀gá. Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti Oom á gbé àga lọ sí Bonaero Park, létí ọgbà pápákọ̀ òfuurufú O.R. Tambo. Lọ́jọ́ kan, olùdarí ní kí bàlúù kan sọ̀kalẹ̀ sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, awakọ̀ náà sì dáhùn. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, bàlúù náà ti sún mọ́ wa débi pé mo rí àwọ̀ ìrù rẹ̀ kedere. Mo fò dìde. "Oom, ẹ wo aláìgbọràn!" Mo ti ń bèèrè ibi tí a ti lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Oom ní kí n jókòó. Láti ojú òkun ni wọ́n ti ń ka gíga, ilẹ̀ tí a sì jókòó lé yìí fúnra rẹ̀ ti fi 5,558 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ohun tó kù láàárín wa àti bàlúù kò ju bíi 2,400 lọ. Gíga yẹn náà ló jẹ́ kí ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà méjì tó wà níbẹ̀ gùn ju mítà 4,400 lọ, torí pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbí, bàlúù gbọ́dọ̀ sáré pẹ́ kó tó lè gbéra, pàápàá tí oòrùn bá mú.

Ohun tí Oom kò fi ṣeré ni àtúnsọ. Tí olùdarí bá pàṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà sọ, kí ó lè hàn pé ohun tí wọ́n wí ló gbọ́. Ó sọ fún mi nípa Tenerife, ní 27 March 1977, níbi tí bàlúù 747 méjì ti kọlu ara wọn nínú kùrukùru tí ènìyàn 583 sì kú, nítorí pé ọ̀kan rò pé òun ti gba àṣẹ láti gbéra. Láti ìgbà náà, wọn kì í ṣàdédé dárúkọ "take-off" lórí rédíò mọ́. Àfi tí wọ́n bá ń fún bàlúù láṣẹ náà gan-an, tàbí tí wọ́n bá ń gbà á padà. Ó tún nawọ́ sí apá kan nínú pápákọ̀ náà. Ní 22 December 2013, wọ́n ní kí 747 British Airways kan tó ń lọ sí London gba ọ̀nà tó ń jẹ́ Bravo. Ó kọjá lọ tààrà sórí Mike, tí kò fẹ̀ tó o, apá rẹ̀ sì wọ inú ilé oníbíríkì kan. Ènìyàn mẹ́rin tó wà nínú ilé náà fara pa díẹ̀.

"Gbọ́ ọ tán, Boet, kí o tó pinnu ohun tí o gbọ́."

"Mo ti gbọ́, Oom," ni mo wí. N kò tún un sọ.

Oṣù Kọkànlá dé, ìjì ọ̀sán tí wọ́n mọ̀ mọ́ Johannesburg bẹ̀rẹ̀, àrá ń sán, yìnyín ń bọ́. Bàlúù kan tó gbéra láti Èkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ "go around," tí awakọ̀ náà sì tún un sọ, tí ó kọrí sókè padà. Ẹ̀rù dé. N kò bi Oom. Orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ni mo gbà lọ: "Ẹ gbàdúrà o! Bàlúù Èkó kò rí ilẹ̀ balẹ̀!" Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ka Sáàmù 91 sórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n rántí pé akọ̀wé ẹgbẹ́ wà nínú bàlúù náà, ẹnì kan sì gbé fọ́tò rẹ̀ síta pẹ̀lú àbẹ́là méjì.

Kí bàlúù fi ibi tó fẹ́ balẹ̀ sílẹ̀ kó yí po, kó tún wá, kì í ṣe ìjàǹbá rárá. Ìlànà ni, kí ìjàǹbá má baà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàlúù náà yí po, ó balẹ̀ wẹ́rẹ́. Akọ̀wé tan fóònù rẹ̀, ó ka ohun tí a kọ, ó sì fèsì: "Ẹ̀yin ará, báàgì ni mò ń dúró dè. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tan àbẹ́là?"

Ẹ máa rò pé mo jáwọ́. Ìyá ìyàwó mi wà ní Cape Town lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi nígbà náà, wọ́n fẹ́ wọ FlySafair wá bá wa. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dúró síbi tí àwọn ènìyàn ń dúró sí." Mo ní rárá o, kí ni mo wá ra rédíò sí? Mo máa wà létí ọgbà, mo máa gbọ́ bàlúù Màmá láti òkè, bí wọ́n bá ti ń gba báàgì ni mo máa yọ sí ẹnu ọ̀nà, owó páàkì kò ní í jẹ wá.

Oom ti lọ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Pretoria lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo jókòó. Springbok kọjá, Emirates kọjá. Àwọn tó pọ̀ jù lọ ni Cargo: Cargo báyìí, Cargo bọ̀ọ́nì. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹrù ṣe ń wọlé tó. Mo tilẹ̀ pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ọjà pé kó múra, ẹrù ti ń dé. Orúkọ FlySafair ni mò ń fi etí wá, n kò gbọ́ ọ. Fóònù mi wá dún.

"Bàbá Bọ́lá, níbo lẹ wà?"

"Mo wà nítòsí, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, bàlúù yín kò tíì balẹ̀."

"Ẹ ní kí ló ṣe?"

"Ẹ kò tíì balẹ̀, Mà. Gbogbo wọn ni mò ń gbọ́ níbí."

"Mo ti gba báàgì mi. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé kì í ṣe Cape Town lẹ ṣì wà, Mà?"

Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí wọ́n máa tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rọ̀, irú ohùn tí a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

Ìyàwó mi ló pe takisí fún wọn láti orí fóònù. Mo bá wọn nílé, wọ́n ti ń jẹ àmàlà. Nígbà tí Oom dé lálẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀: ilé iṣẹ́ tó ti ń fi bàlúù Hercules gbé ẹrù tipẹ́tipẹ́ ló dá FlySafair sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2014, orúkọ tó ń jẹ́ lórí rédíò kò sì yí padà. Cargo ni. Mo ṣe àlàyé yìí fún Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sí i.

"Ó yé mi," ni wọ́n wí. "Ẹrù ni ẹ kà mí sí."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń bá mi gbọ́ rédíò. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ ohùn olùdarí tó ti rẹ̀ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, kí n tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo fi rédíò náà tọrẹ fún wọn láti fi bẹ̀bẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, pápákọ̀ òfuurufú sì wà ní Alákìá. Mo ní wọ́n á máa gbádùn.

Mo gbàgbé pé bàlúù tó ń dé Alákìá kò pọ̀, pé irú ìgbì yìí kì í tẹ̀ kọ́rọ́, ọ̀nà tààrà ló ń gbà, òkè sì pọ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo ti ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Rédíò yín dára púpọ̀," ni Màmá wí. "Mo yí i títí mo fi rí Fresh FM. Ó sàn ju ti àwọn oníbàlúù yín lọ. Àwọn tibí máa ń kọrin sí i."