Bàbá Aggregate

Bí èsì JAMB bá ti ń jáde, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sílé. Níbi tí ọ̀nà Ifẹ̀ ti yà ní Sekona ni ẹ ó ti bá a lórí bẹ́ńṣì, jígí lójú, kakulétọ̀ lọ́wọ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, mélòó ni?”

“248, sà.”

Kò ní kí ọmọ kú iṣẹ́. Á fi wé 400, á ní ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni, C4 nìyẹn ní WAEC. JAMB kì í fún ẹnikẹ́ni ní C4, ṣùgbọ́n Bàbá Aggregate kì í jẹ́ kí máàkì kankan lọ sílé pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo lọ́rùn.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ gan-an á tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ìṣirò Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, JAMB ló ni 50, post-UTME ló ni 40, WAEC ló ni 10. Ó fi 8 pín 248, ó di 31. B3 márùn-ún, 1.6 kọ̀ọ̀kan, ó di 8. Àpapọ̀ 39. Títí débí, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè bá a jiyàn. Ó wá ku post-UTME tí ọmọ ò tíì jókòó ṣe. Bàbá á gbójú sókè, á bi í pé kí ló fẹ́ kà. Nọ́ọ̀sì? Á fún un ní 34. Dókítà ńkọ́? “Ó máa gba 38!” Bó bá ṣe ìtàn ni, 22 ti tó. Ọmọ kan náà ni o, ìwé kan náà ló kà. Èmi ò tíì rí ìdánwò míì tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe ló ń bá a gba máàkì.

Ìyá ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ra mínírà tútù fún Bàbá.

Ẹ wá wò ó nígbà tí ọmọ tiẹ̀ gbé 11 nínú 20 bọ̀ láti kíláàsì ìṣirò. Ìdá 55, C5. Bàbá ò bínú. Bí ọmọ bá gba 20 nínú tẹ́ẹ̀sì kejì, tó sì gba 60 nínú 60 ìdánwò, 91 ni àpapọ̀. A1! Ìṣirò náà pé, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọ aládùúgbò mú 16 bọ̀, ìdá 80, A1 tí kò nílò àbá. Bàbá wo ìwé náà níwá, ó wò ó lẹ́yìn.

“Tẹ́ẹ̀sì ṣáà ni. Ta ló jókòó tì í?”

Bàbá fúnra rẹ̀ ti ṣe WAEC kí SSCE tó dé lọ́dún 1988, láyé tí P7 àti P8 ṣì wà. Ìyá alákàrà tó kọjú sí bẹ́ńṣì ló bi í léèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Bàbá, kí lẹ̀yin gbà nínú ìṣirò nígbà yẹn?”

Ó yọ jígí, ó nu ún dáadáa.

“Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni, àbí kí n yí i sí ti òde òní fún yín?”