Alámọ̀tán Wáìnì Pupa Àdánidá

Nínú gbogbo ẹ̀yà ènìyàn tí ìlú ńlá òde òní bí, ó ṣòro láti rí èyí tó dá ara rẹ̀ lójú tó alámọ̀tán wáìnì pupa àdánidá, ìyẹn ẹni tí kì í fi ẹnu kan ọtí èso àjàrà kankan àfi èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sọ̀yà fún un pé a kò fi ohunkóhun kún un, tí a kò sì yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Ọkùnrin ni nígbà púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin náà ń pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́. Ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò kọkànlá ní Paris, ṣùgbọ́n ó ti tàn dé Hackney àti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ìyá oníṣu ọmọ Yorùbá ti ń rí i ní Rye Lane bó ti ń kánjú lọ sí ilé ọtí kan tí àga rẹ̀ kò pọ̀, tí wọn kò sì fura pé ohun tó ń lọ ṣàlàyé níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ohun tí àwọn baba wọn mọ̀ nídìí ọ̀pẹ.

Ohun tí à ń pè ní wáìnì àdánidá kò díjú. Àgbẹ̀ tó ń ṣe é kì í fín oògùn oníkẹ́míkà sí ọgbà àjàrà rẹ̀, ọwọ́ ni ó fi ń ká èso, ìwúkàrà tó sì ti wà lára èèpo èso àti nínú ilé ìfúntí tẹ́lẹ̀ ni ó ń sọ ṣúgà inú omi èso di ọtí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ ra ìwúkàrà inú páálí. Bí ẹmu ṣe ń hó nínú akèrègbè láìsí ẹni tó bu nǹkan sí i ni èyí náà rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kì í pẹ́ tí a dá ẹmu tán tí a fi ń mu ún, nígbà tí wáìnì lè wà nínú ìgò fún ọdún púpọ̀ kí a tó ṣí i, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọtí má baà bàjẹ́ ni àwọn olọ́tí fi ń lo àpòpọ̀ imí-ọjọ́, èyí tí ń pa kòkòrò tí ojú kò rí, tí kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè ba ọtí jẹ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé kí wáìnì pupa tí ṣúgà rẹ̀ ti tán ní tó mílígíráàmù 150 rẹ̀ nínú lítà kan, ṣùgbọ́n àdéhùn “Vin Méthode Nature”, tí àwọn aláṣẹ Faransé fọwọ́ sí ní 2020, kò fẹ́ kí ó tó 30.

Alámọ̀tán kò ní sùúrù fún 30; òdo ni tirẹ̀. Bí a bá bi í léèrè bí ọtí kan ti rí, ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni yóò máa kà sílẹ̀: kò sí imí-ọjọ́, kò sí ìwúkàrà àjèjì, a kò sẹ́ ẹ, a kò fi funfun ẹyin mú un tòrò. Ẹni tó bá ń retí pé kí ó sọ bóyá ó dùn yóò dúró pẹ́. Yóò tẹnu mọ́ ọn pé imí-ọjọ́ ni ó ń fa orí fífọ́, kò sì ní rántí pé wáìnì funfun sábà máa ń ní in ju pupa lọ, pé ìwúkàrà fúnra rẹ̀ a máa pèsè díẹ̀ nígbà tí omi èso bá ń di ọtí, èyí tó mú kí òdo gidi ṣọ̀wọ́n, àti pé ìgò kejì tí òun nìkan dá mu lálẹ́ àná lè ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ orí náà.

Ẹni tí ó fi ń búra ni Jules Chauvet, oníṣòwò wáìnì ará Beaujolais tó kú ní 1989, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sì ti dùn jù, nítorí pé onímọ̀ kẹ́míkà ni Chauvet. Ó ṣèwádìí nípa ìwúkàrà, ó sì ṣèwádìí nípa bí èso àjàrà tí a kò tíì fọ́, tí a dé mọ́ inú àgbá tí gáàsì kábọ́nì dáyọ́ksáìdì ti kún, ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí di ọtí láti inú ara èso náà, ọ̀nà kan tí wọ́n ṣì ń gbà fi èso Gamay ṣe wáìnì ní Beaujolais títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ fi imí-ọjọ́ sílẹ̀ bíi tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní ju ẹni tó ń lò ó lọ: èso tó jẹrà kò gbọdọ̀ bá èyí tó dára wọlé, àgbá kò gbọdọ̀ ní ìdọ̀tí, ilé ìfúntí sì gbọ́dọ̀ tutù. Marcel Lapierre, olọ́tí ará Morgon ní Beaujolais, tó gba ẹ̀kọ́ Chauvet ní àwọn ọdún 1980, kò fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Ilé rẹ̀ sì ń kó wáìnì Morgon jáde lọ́nà méjì, ìgò tí a kọ N sí kò ní àfikún imí-ọjọ́, èyí tí a kọ S sí ní díẹ̀. Alámọ̀tán mọ N dáadáa. S ni ó kà sí ìtìjú ìdílé tí a kì í dárúkọ níwájú àlejò. Báyìí ni a ṣe sọ onímọ̀ kẹ́míkà di òrìṣà àwọn tó kórìíra kẹ́míkà, tí ìmọ́tótó tó fi ṣiṣẹ́ sì di àwáwí fún ọtí tó bàjẹ́.

Bí ó ṣe ń yan ọtí náà yẹ fún àkíyèsí. Àwòrán ara ìgò ni ó kọ́kọ́ ń wò, bó bá sì jọ pé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ó yà á, ó tún dára. “Vin de France”, tó jẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá nínú òfin wáìnì Faransé, jẹ́ oyè lójú rẹ̀. Èso àjàrà tí àwọn ẹlòmíràn bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kì í wù ú mọ́: Gamay, tí Philippe le Hardi, dúùkù Burgundy, pàṣẹ ní 1395 pé kí wọ́n fà tu, ti gbajúmọ̀ jù fún un báyìí, nítorí náà Poulsard ti Jura tàbí Pineau d'Aunis ti Loire ni ó ń béèrè. Ó ṣeni láàánú pé kò tilẹ̀ ṣìnà níbí, nítorí pé èso mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló yẹ kí ẹni tí kò mu irú wáìnì yìí rí fi bẹ̀rẹ̀: ọtí wọn fúyẹ́, kì í fa ẹnu pọ̀, ó sì ń dùn sí i bí a bá gbé e sínú fíríìjì fún bí ìdajì wákàtí. Olùrà tó gbọ́n yóò tún bi olùtà bóyá ó ti tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀ láìpẹ́, àti bóyá ibi tútù ni wọ́n ń kó o sí, nítorí pé ooru kì í pẹ́ ba ohun tí imí-ọjọ́ kò ṣọ́ jẹ́. Alámọ̀tán kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ife bá dé ọwọ́ rẹ̀, yóò dì í mú ní ìdí, yóò fì í yípo, yóò ti imú bọ̀ ọ́, yóò sì di ojú. Bí òórùn ilé ẹṣin bá jáde, èyí tí ìwúkàrà kan tó ń jẹ́ Brettanomyces máa ń fà, ilẹ̀ ni ó ń fọhùn. Bí ó bá ta sí imú bíi fínígà, ọtí náà jí pépé. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà tí àwọn olọ́tí bẹ̀rù ju méjèèjì lọ, òórùn eku, tí a kò lè gbọ́ láti inú ife, nítorí pé kíkan ọtí ti dè é mọ́lẹ̀. Ìgbà tí a bá gbé ọtí mì, tí itọ́ sì ti pa kíkan náà, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun, tí ẹnu yóò sì máa rùn bí ibi tí eku ti bímọ sí. Ẹnu gbogbo ènìyàn kò rí bákan náà, àwọn kan sì wà tí wọn kì í gbọ́ ọ rárá.

Alámọ̀tán jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Obìnrin tó bá a wá, tí kò mọ Chauvet, tí kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín N àti S, gbọ́ ọ ketekete. Ó gbé ife kalẹ̀, ó wo ẹni tó di ojú níwájú rẹ̀, ó sì gbà pé ẹnu òun ni kò tíì mọ ọtí. Olùtà náà mọ̀. Láti ọ̀sán ni ó ti tọ́ ọ wò, tó sì ti ya ìgò mọ́kànlá tó kù nínú páálí sọ́tọ̀, nítorí pé òórùn eku a máa lọ nígbà mìíràn bí a bá fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n alámọ̀tán ti pe ọtí náà ní orúkọ kí ó tó jókòó, ta ni yóò sì bá a jiyàn? “Ó wà láàyè,” ni alámọ̀tán wí nígbà tó la ojú, ó sì ní kí wọ́n bá òun di mọ́kànlá tó kù.