Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Kọ Ìtàn Ayálégbé

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, kó gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbàlà ni mo gbé dání.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kọ ìtàn ilé oníyàrá méjìlá tí a ń gbé ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́, yàrá kan, ìtàn kan, kí gbogbo wọn so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n Yorùbá ìwé lẹ fẹ́ fi kọ ọ́! Ẹ̀rù Ọlọ́run kò bà yín ni?

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú, akọ̀wé ìjọba rọ́ dé wá yàrá. Èmi náà kó ẹní mi láti ìlú Oǹdó, pẹ̀lú ohùn "gh" tí ABD kò ní. Láti ìgbà náà ni a ti ń jà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ìjà yẹn kò ṣe é fi Yorùbá ìwé jà. Mo ti dán an wò rí: kí n tó rí ọ̀rọ̀ tó bójú mu, ẹlòmíràn ti wọlé, ó ti ń bu omi mi wẹ̀. Ìbáwí ni Yorùbá ìwé dára fún, bí mo ti ń fi bá yín wí yìí.

Olùkọ́ mi ní kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí "u" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, "ulé" ni ọmọ Àkúrẹ́ ń pe ilé. Bí ọ̀rọ̀ olùkọ́ bá jóòótọ́, a jẹ́ pé n kò gbé ibì kankan láti 1976, lanlọ́ọ̀dù kò sì ní ohun tó ń gbowó lé lórí. Mo ṣàlàyé èyí fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa níbí, fi Yorùbá ìwé kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. N kò bá a jà. Iwin kì í san owó ilé.

Ẹ wo Samuel Selvon, ọmọ Trinidad. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn àjèjì bíi tirẹ̀ tó há sínú yàrá kótópó ní Lọ́ńdọ̀nù, ìtàn náà kọ̀, kò rìn. Ó yí i sí èdè ẹnu wọn, ó ń sáré. The Lonely Londoners jáde ní 1956. Ebi pa ọmọkùnrin kan nínú rẹ̀, ó lọ mú ẹyẹlé nínú ọgbà ìgbafẹ́. Ìwà ìbàjẹ́ gbáà! Moses, àgbà àárín wọn, bá a wí gidigidi, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Àgbà gidi nìyẹn. (Ti adìyẹ lanlọ́ọ̀dù tó ṣèèṣì wọ yàrá mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.)

Nítorí náà, ohùn pásééjì ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bí ẹ bá sì dé yàrá kẹfà, ti bàbá tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́sàn-án, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yí orúkọ mi padà.