Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀

Yorùbá ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ara ògiri ni òwe yìí ti wá. Alángbá kì í nàró, kì í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìbáà yó, ìbáà máa kú lọ, ikùn rẹ̀ a wà nílẹ̀ bákan náà. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n sì fi í ṣe òṣùwọ̀n ènìyàn: ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú. Alángbá tún ní ìṣe kan tí òwe náà kò mẹ́nu kàn. Ó máa ń mi orí. Àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé gbogbo ohun tí a ń sọ ló ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìṣe méjèèjì yìí, ìdanúdélẹ̀ àti orí mímì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìgbàgbọ́ Kristẹni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ a dojú bolẹ̀, a mi orí sí ìwàásù, àmín a mi òrùlé. Lọ́jọ́ Ajé, a ó wá ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tì.

Bẹ́ẹ̀ èdè tí a fi ń sin Ọlọ́run nílẹ̀ Yorùbá kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe yìí. Gbà àti gbọ́ ló bí ìgbàgbọ́, etí nìkan kọ́ sì ni Yorùbá fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ pọn omi, tó dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, mà," tí korobá wà lófìfo títí ilẹ̀ fi ṣú, aláìgbọràn ni wọ́n ń pè é; kò sẹ́ni tó máa yìn ín pé etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Bákan náà ni orúkọ tí ìjọ fún olórí rẹ̀. Ìránṣẹ́ ni, ẹni tí a rán. Òwe sì ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ òde òní a ní ẹni tó ń bá a gbé Bíbélì, ẹni tó ń bá a nu òógùn, ẹni tó ń bá a ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, àti ẹni méjì tó ń ti àwọn opó sẹ́yìn kí wọ́n má baà fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Ìránṣẹ́ tó ní ìránṣẹ́ márùn-ún, ta ni yóò tún rántí bi í léèrè iṣẹ́ tí wọ́n rán an?

Àìmọ̀ kọ́ ló fà á. Ní 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì dé Àgbádárìgì. Ní 1846, wọ́n ti wọ Abẹ́òkúta. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, gbogbo rẹ̀ sì parí ní 1884. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ Yorùbá tó lè sọ pé èdè ni kò jẹ́ kí òun mọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò sì fara sin. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 3, èrò tọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lọ, wọ́n bi í pé kí ni kí àwọn ṣe. Jòhánù kò ní kí ẹnikẹ́ni gba àwẹ̀ gbígbẹ, kò sì ta òróró fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ẹni tó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní. Ó ní kí agbowó-orí má gbà ju iye tí òfin là sílẹ̀ lọ. Ó ní kí ọmọ ogun má fi ipá gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, kí owó oṣù rẹ̀ tó o. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba èsì tirẹ̀, lórí iṣẹ́ tirẹ̀. Ní orí 19 ìwé kan náà, Sákéù gba Jésù lálejò, ó dìde, ó sì pe iye: ìdajì ohun ìní rẹ̀ di ti àwọn aláìní, ẹnikẹ́ni tó bá sì rẹ́ jẹ, yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn tó pe iye yìí ni Jésù kéde pé ìgbàlà ti wọ ilé náà.

Ká ní Jòhánù yọ sí ọjà lónìí ni, ẹnu rẹ̀ ì bá ti bó. Ìyá olórin ìyìn ń ta gàrí lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ orúkọ Jésù sí gàdàgbà. Kóńgò tó fi ń wọ̀n ọ́n, ìdí rẹ̀ ti wọlé dé àárín. Ó fi orin ìyìn bu gàrí, ó fi kóńgò náà bu ìyìn jẹ. Agbaṣẹ́ṣe gba owó ọ̀nà tí kò là, ó yọ ìdá mẹ́wàá rẹ̀ fún ìjọ, ìjọ gbàdúrà fún un pé kí ọ̀nà rẹ̀ là. Àdúrà náà gbà: ọ̀nà rẹ̀ là, tí ìlú kò là. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ẹni tó fẹ́ wọ ipò ńlá nínú ìjọba búra, ó sì fi ẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run parí ìbúra náà. Ẹni tó búra a máa bẹ Ọlọ́run lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ìrànlọ́wọ́ tó ń fẹ́ ni pé kí àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò má rí i. Ìdá mẹ́wàá owó olè, owó olè náà ni. Bí a dà á sínú igbá ọrẹ, igbá náà kì í sọ ọ́ di mímọ́.

Inú ilé náà kò gbẹ́yìn. Ìyá ilé lọ sí ìṣọ́ òru láti gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ òun di ẹni ńlá. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò gbé àwọn ọmọ náà sùn, tó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, ń fi àjẹkù sùn nílé ìdáná. Bàbá ń sọ èdè àjèjì tí Ẹ̀mí fi sí i lẹ́nu ní ìjọ. Nílé, kò sí èdè tó gbọ́ mọ́ àfi igbe.

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú ìjọ, látilẹ̀ wá, fún ẹni tí inú ń run ni. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 6, ròyìn aáwọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Oúnjẹ ló fà á: wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìjọ yan ọkùnrin méje tó lórúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n, àwọn àpọ́sítélì sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Nítorí abọ́ oúnjẹ opó ni wọ́n ṣe gbé ọwọ́ lé wọn. Ní nǹkan bí ọdún 251, Cornelius, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ka àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ rẹ̀ nínú lẹ́tà: àlùfáà 46, díákónì 7, àti àwọn mìíràn. Nínú ìṣírò kan náà ló ka àwọn opó àti aláìní tí ìjọ ń bọ́, wọ́n lé ní 1,500. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kẹrin, Julian, ọba Róòmù tó kórìíra ìgbàgbọ́ náà, tó jọba láti 361 sí 363, ráhùn nínú lẹ́tà pé àwọn Kristẹni ń bọ́ tálákà tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ tàwọn abọ̀rìṣà mọ́ ọn. Ọ̀tá ló jẹ́rìí yìí, kò sì sí gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́rìí sí. Nínú ìròyìn owó ọdọọdún ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ẹ̀rọ amúnáwá ló ń ṣáájú, àga tìmùtìmù tẹ̀ lé e, ọkọ̀ olùṣọ́-àgùntàn tẹ̀ lé e, opó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ "oríṣiríṣi."

Ìwé Jákọ́bù, orí 2, ti rí ọjọ́ ìkórè kí ìkórè tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ó sọ̀rọ̀ ọkùnrin olórùka wúrà tó wọlé pẹ̀lú aṣọ dídán, tí wọ́n fi í síbi tó dára, àti tálákà aláṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n ní kó dúró lẹ́yìn. Jákọ́bù pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọ òde òní pè é ní alága ìkórè. Ẹnikẹ́ni kì í bi alága níbi tí owó rẹ̀ ti wá. Ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá yóò tún fi kún un.

Àwọn Kristẹni ìgbàanì kì í fi wòlíì ṣeré. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Didache, tó ti pẹ́ nílẹ̀ gan-an, tí wọ́n tún rí ní Constantinople ní 1873, fi òṣùwọ̀n lélẹ̀. Àpọ́sítélì tó bá dé ìlú lè sùn lọ́jọ́ kan, tàbí ọjọ́ méjì bó bá di dandan. Bó bá di ọjọ́ kẹta, wòlíì èké ni. Nígbà tó bá ń lọ, búrẹ́dì tó máa gbé e dé ibi tó máa sùn ni kó gbà. Bó bá béèrè owó, èké ni. Bó bá ń kọ́ni ní òtítọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe é, èké ni. Bí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n yìí sẹ́nu ọ̀nà ìsọjí ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ẹni tí yóò wàásù lè ṣọ̀wọ́n.

Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí inú ń run ni ìgbàgbọ́ ti fìdí múlẹ̀. Nígbà tí àrùn ìnfúlẹ́ńsà ń pa ènìyàn ní 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Láti irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ Aládùúrà ti hù. Ní Òkè-Oyè, ní Iléṣà, ní 1930, èrò wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kó tó di oníwàásù. Àrùn àti ìbẹ̀rù ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi fi ọ̀rọ̀ òwe náà ṣe bó ṣe rí gan-an: wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí Iléṣà àti Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí inú ń run, kí wọ́n sì wò ó sàn. Lónìí, ẹni tí inú ń run a gba ìwé ìran: àbẹ́là méje, òróró ìgò mẹ́ta, òkúta iyọ̀, àti owó ìsìn. Ìjọ mìíràn fi owó ọrẹ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ẹni tó dá owó náà kò lè san owó rẹ̀.

Ibi tí òmùgọ̀ òde òní ti yí òwe náà sódì nìyí. Àwọn àgbà sọ pé a ò mọ èyí tí inú ń run, wọ́n fẹ́ kí a wádìí. Ìjọ wá fi ìwádìí sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀bùn fún alángbá tó danú délẹ̀ jù. Òwe mìíràn sì sọ ibi tí alángbá ń gbé: bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Ihò tó wà láàárín ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ Ajé ni ìwà méjì ń wọ̀ sí. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni láti rẹ́ ihò náà: kí ìwàásù dórí kóńgò, kí ìbéèrè dórí owó ìkórè, kí orúkọ opó gòkè nínú ìròyìn owó.

Ìwé kìn-ín-ní sí Tímótì, orí 3, ní kí alábòójútó ìjọ ní ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ àwọn tó wà lóde. Lóde náà ni ìdáhùn wà. Òwe ní a ò mọ̀. Ẹni tó ra gàrí mọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ mọ̀, opó tí wọ́n tì sẹ́yìn náà mọ̀.